Ihò Mẹ́ta Lára Ìgbànú Bàbá Mi

 

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ, a sì ṣe ìkómọjáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbọ̀ngàn kún, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ń ta sánsán, àwọn ọmọdé ń sáré kiri láàárín àga. Bí bàbá mi ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà ni àbúrò wọn obìnrin figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ tún ti dọmọdé padà! Kí lẹ̀ ń lò, ẹ jẹ́ káwa náà rà níbẹ̀!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bùbá tó máa ń fún Dádì níkùn tẹ́lẹ̀ ti wá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ìtọ̀ ṣúgà ti wọ Dádì lára, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Wọn ò dín oúnjẹ kù, wọn ò bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, wọn ò gbààwẹ̀. Àìsàn ló ń jẹ ara lọ. Gbogbo wa rí i, a sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ tí mo bá wọn kó àwọn aṣọ tó ti tóbi jù kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọwọ́ mi ba ìgbànú awọ dúdú kan. Ìgbànú yẹn ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Ọdún tí wọ́n dé ìlú yìí ni wọ́n rà á. Ihò márùn-ún ló wà lára rẹ̀ nígbà náà. Dádì fúnra wọn ti fi ìṣó lu mẹ́ta mọ́ ọn. Méjì wà lápá ibi tí ìgbànú ti ń parí: ti àwọn ọdún tí ikùn ń yọ nìyẹn. Ẹ̀kẹta wà lódìkejì, lápá ọ̀dọ̀ irin, ojú rẹ̀ ṣì mọ́, tuntun ni. Ẹ máa rí ibi tí irin ti tẹ awọ náà wọlé fún ọdún pípẹ́, ẹ sì máa rí ibi tí kò ti pẹ́ rárá. Nǹkan bí ogójì ọdún ìrìn àjò ara bàbá mi ló wà lára ìgbànú yẹn. Kò sẹ́ni tó kà á nínú wa.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí nìyẹn. Nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rá ara àti ẹ̀mí gígùn, bí ara ṣe rí lónìí kò tó láti dájọ́. Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ló yẹ ká béèrè.

"O ti sanra", "o ti rù"

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ara wa. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọ̀rọ̀ méjì ló wà fún ara èèyàn. Tí àlejò láti Èkó tàbí Ìbàdàn bá sọ fún Mọ́mì pé wọ́n ti sanra, ìyìn ni: owó wà, ọkàn balẹ̀, ilé tòrò. Tí wọ́n bá ní o ti rù, àánú ni: kí ló ṣe ọ́, ṣé ìlú òyìnbó ò gbà ọ́ ni? Mi ò bá àwọn àgbà jà lórí ìyẹn. Níbi tí ebi àti ibà ti máa ń pa èèyàn kí ọ̀rá tó rí i pa, ara tó kún jẹ́ ẹ̀rí àlàáfíà lóòótọ́.

Ilé ìwé àwọn ọmọ wa ńkọ́? Òdìkejì pátápátá ni. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń yìn níbẹ̀, sísanra ni wọ́n fi ń bú ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá bá mi lọ́jọ́ kan tí ìyá mi kí i pé ó ti sanra, ó ní, "Dádì, ṣé Mọ́mì àgbà ń bú mi ni àbí wọ́n ń yìn mí?" Mi ò tètè mọ ohun tí mo máa sọ.

Lẹ́yìn tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé àṣìṣe kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń ṣe. Wọ́n wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ara ti ń bọ̀.

Nọ́ńbà kan àti òkùn kan

Àwọn dókítà náà ní òṣùwọ̀n tiwọn, ẹ ó sì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀: BMI. Adolphe Quetelet, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀, ló gbé ìṣirò náà jáde ní àwọn ọdún 1830. Kì í ṣe àìsàn ló ń wá. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí èèyàn tó wà ní àárín ṣe máa ń rí láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọdún 1972 ni Ancel Keys, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ ọ́ lórúkọ tó ń jẹ́ dòní.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi gíga yín ní mítà pín ìwọ̀n yín ní kìlógíráàmù, kí ẹ tún fi gíga yẹn pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ẹnì kan bá ga ní mítà 1.70 tó sì tẹ̀wọ̀n kìlógíráàmù 68, 68 tí a fi 1.70 pín jẹ́ 40, 40 tí a tún fi 1.70 pín jẹ́ 23.5. Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, láti 18.5 títí dé ìsàlẹ̀ 25 ló dára, 25 sókè ti pọ̀ díẹ̀, 30 sókè ti pọ̀ jù. Nítorí náà 23.5 kò ní wàhálà, àbí?

Ẹ dúró ná. Láti ọdún 2022, NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ pé fún àwọn tí ìdílé wọn wá láti Áfíríkà, àwọn ará Kàríbíánì tó jẹ́ adúláwọ̀, àwọn ará Éṣíà àti ti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, 23 ló yẹ kí ìkìlọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, 27.5 sì ni wọ́n á ti máa pè é ní sísanra jù. Ìdí ni pé ìtọ̀ ṣúgà àti àwọn àìsàn ọkàn máa ń tètè dé ọ̀dọ̀ wa, kí nọ́ńbà yẹn tó ga tó ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹni tó ní 23.5 yẹn, tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ìlà.

Ohun méjì sì wà tí BMI kò lè rí. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti iṣan. Kò sì mọ ibi tí ọ̀rá wà. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ itan àti ìdí kò léwu tó èyí tó kó sínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ká fi òkùn kún un. Ẹ gé òkùn tó gùn tó yín láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Tó bá yí ìbàdí yín ká tí ẹnu méjèèjì sì pàdé, ó dára. Tí àlàfo bá wà láàárín, ìbàdí yín ti ju ìdajì gíga yín lọ, ewu sì ti ń pọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170 kò gbọ́dọ̀ kọjá 85. Aláboyún ò sí nínú ìṣirò yìí o.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi òkùn yẹn wọn bàbá mi lọ́jọ́ ìkómọjáde, òkùn á ní ó dára. BMI á ní ó dára. Àǹtí mi náà ti ní ó dára.

Bí àgbà bá ṣubú

Iṣẹ́ mi ni kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Tí ẹ̀rọ kan bá dákú lóru, a kì í wo bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú tó kú nìkan. Àkọsílẹ̀ la máa ń ṣí: ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná? Ìgbà wo ni àyè inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún? Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ ṣáájú wa: bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wẹ̀yìn wò.

Àwọn olùwádìí kan ti ń wẹ̀yìn wò lọ́nà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tí iye wọn tó 121,700. Lọ́dún 1986, wọ́n mú àwọn ọkùnrin 51,529 tó ń ṣiṣẹ́ ìlera. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn: kí lẹ̀ ń jẹ, kí ni ìwọ̀n yín, àìsàn wo ló mú yín?

Lọ́dún 2016, wọ́n gbé èsì kan jáde láti inú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn nítorí ọgbọ́n tí wọ́n dá. Wọ́n ya àwòrán ara èèyàn sí ìlà, láti orí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù dé orí ẹni tó sanra jù, wọ́n sì ní kí kálukú tọ́ka sí èyí tó dà bíi tirẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 5, 10, 20, 30 àti 40. Wọ́n fi ìwọ̀n ọmọ 50 ọdún kún un. Obìnrin 80,266 àti ọkùnrin 36,622 ló wà nínú ìṣirò náà. Wọ́n wá wo ẹni tó kú àti ẹni tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún.

Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà ní tẹ́ẹ́rẹ́ láti kékeré dé àárín ọjọ́ orí, nǹkan bí 12 ló kú láàárín ọdún 15. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó sanra láti kékeré tí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ tàbí tí wọ́n tún sanra sí i, nǹkan bí 20 ni. Lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, nǹkan bí 20 àti 24 ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sanra náà ṣì wà láàyè. Ọ̀rọ̀ ewu la ń sọ, a ò fi ikú kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Lọ́dún 2017, èsì mìíràn jáde láti inú àwùjọ méjèèjì yìí kan náà. Ìwọ̀n tí àwọn obìnrin gbé láti ọmọ ọdún 18 dé 55 ni wọ́n wò. Fún àwọn ọkùnrin, láti 21 dé 55. Ní ìpíndọ́gba, kìlógíráàmù 12.6 ló gun àwọn obìnrin láàárín ọdún 37. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo pín in: nǹkan bíi gíráàmù 340 lọ́dún ni. Kò tó gíráàmù kan lójúmọ́! Ta ló máa rí ìyẹn nínú dígí? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Síbẹ̀, bí ohun tó gun ara bá ṣe pọ̀ tó ni ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ikú àìtọ́jọ́ láàárín àwọn tí kò fa sìgá rí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ ibẹ̀. Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn. Irú ìwádìí báyìí sì ń fi hàn pé nǹkan méjì jọ ń rìn pọ̀. Kò fi gbogbo ẹnu sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Ẹni tó wá láti òkè

Ohun kan máa ń da àwọn olùwádìí láàmú. Tí wọ́n bá wọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì dúró, nígbà míràn ó máa ń dà bíi pé àwọn tó sanra díẹ̀ kò kú ju àwọn tí ìwọ̀n wọn dára lọ. Àwọn kan tiẹ̀ fi ṣe ìròyìn ayọ̀: ẹ máa jẹun lọ!

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé àwọn tí ìwọ̀n wọn dára lónìí kì í ṣe irú èèyàn kan náà. Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn yòókù ti gòkè tẹ́lẹ̀, àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó ló ń fà wọ́n bọ̀ nísàlẹ̀. Tí ẹ bá da oríṣi méjèèjì pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan, ikú àwọn kejì á bá ti àwọn àkọ́kọ́ jẹ́.

Ìlú kékeré kan wà ní Massachusetts tó ń jẹ́ Framingham. Láti 1948 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé ọkàn àti ara àwọn ará ìlú náà. 5,209 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn kan yẹ ìwé ìwọ̀n wọn wò. Dípò kí wọ́n lo ìwọ̀n ọjọ́ kan, wọ́n lo ìwọ̀n tó ga jù lọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dé láàárín ọdún 24. Ìdàrúdàpọ̀ náà yanjú: bí ibi gíga jù lọ tí èèyàn dé bá ṣe ga tó ni ewu ikú ṣe ga tó.

Ihò kẹjọ lára ìgbànú Dádì nìyẹn. Ihò tuntun yẹn ò lè sọ ìtàn àwọn tó wà lódìkejì nù.

Àwọn àgbà Ìbàdàn

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni. Lọ́dún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn àgbà Yorùbá tó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wọ́n sì ń tẹ̀ lé àwọn àgbà adúláwọ̀ ní Indianapolis. Àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, tó ń ba ọpọlọ jẹ́, ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń padà lọ ọ̀dọ̀ àwọn àgbà yìí lọ́dún dé ọdún, wọ́n ń wọn ara wọn pẹ̀lú.

Nígbà tí wọ́n wo ọdún mẹ́wàá ti Ìbàdàn pọ̀, wọ́n rí i pé ara àwọn tí àìsàn náà padà mú ti ń fọn ṣáájú kí dókítà tó dárúkọ àìsàn náà, ó sì ń fọn ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ara ti sọ̀rọ̀ kí ẹnu tó sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní gbọ́ nǹkan kan. Àfi ẹni tó bá ní ìwọ̀n ọdún ìṣáájú lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí a ṣe ń dàgbà ni ìtumọ̀ òṣùwọ̀n ń yí padà. Láti ogún ọdún dé ọgọ́ta, ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ jù ni ohun tó ń gun ara díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ ká tún máa ṣọ́ ohun tó ń bọ́ lára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Òfin tí àwọn dókítà ń lò rọrùn: tí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n èèyàn bá lọ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan láìgbìyànjú, kó lọ fi ara hàn. Ẹni tó tẹ̀wọ̀n kìlógíráàmù 80, mẹ́rin péré ni.

Tí òùngbẹ bá wá ń gbẹ ẹ́, tó sì ń jí tọ̀ lóru lemọ́lemọ́, kó má dúró de oṣù mẹ́fà rárá. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti hàn, mo bi bàbá mi pé, "Dádì, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ dínra kù ni?" Wọ́n ní, "Èmi kẹ̀? Ta ló ráyè? Mo rò pé àdúrà ìyá yín ló gbà ni." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ní, "Àmọ́ ìgbà mẹ́rin ni mò ń jí tọ̀ lóru o." A ò bi wọ́n rí.

Dídínra kù tí a fẹ́

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwáwí pé kò yẹ kéèyàn dínra kù. Èyí tí a fẹ́, tí a ṣiṣẹ́ fún, oògùn ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú àwọn àgbàlagbà 3,234 tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga ṣùgbọ́n tí kò tíì di àìsàn. Adúláwọ̀ sì wà nínú wọn dáadáa. Wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn láti dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn tàbí kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Èsì jáde lọ́dún 2002: láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ìtọ̀ ṣúgà dín kù láàárín wọn ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tó ń lo oògùn tí kò ní agbára kankan nínú.

Ìdá 7 ni o. Fún ẹni kìlógíráàmù 80, kò tó mẹ́fà. Ẹ ò ní láti di ẹlòmíràn. Ẹ ò sì ní láti lé ẹ̀bà àti iyán kúrò nílé; ẹ kàn ṣẹ́ òkèlè kúrò lára rẹ̀, ẹ bu ẹ̀fọ́ sí i, ẹ sì fẹsẹ̀ rìn lọ mú àwọn ọmọ nílé ìwé.

Ohun tí à ń ṣe nílé wa

Ìgbà mẹ́rin lọ́dún ni èmi àti ìyàwó mi ń wọn ara wa. Ẹ wá ibi tí egungun ìhà parí sí àti ibi tí orí egungun ìbàdí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi téèpù télọ̀ yí àárín méjèèjì ká. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́. Ẹ má fa ikùn wọlé, téèpù ò ní bú yín. Ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n àti ìbàdí sínú ìwé kan ṣoṣo tí kò ní sọnù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè kan: "Ṣé èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè yẹn wúlò ju nọ́ńbà lọ. Tí ẹ ò bá ní àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá, ẹ yẹ fọ́tò ìgbéyàwó wò, ẹ yẹ aṣọ àtijọ́ wò. Ẹ yẹ ìgbànú wò.

Ẹ ṣe é fún àwọn òbí yín pẹ̀lú, tí wọ́n bá gbà. Tí ẹ bá wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ sì ti pé ogójì ọdún, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ọlọ́dún márùn-ún márùn-ún títí dé ọdún 74. Ẹ lọ gbà á.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òṣùwọ̀n àgbà wọ̀n wọ́n. Wọ́n ní ìwé tiwọn tó ń wo ọjọ́ orí, tó sì ń wo bóyá ọkùnrin ni ọmọ tàbí obìnrin, nítorí wọ́n ń dàgbà lọ́wọ́. Ẹ má pe ọmọ ní orobo, ẹ má pè é ní lẹ́pa, kódà nínú eré. Mo ti bẹ ìyá mi pé dípò "o ti sanra", kí wọ́n máa sọ pé "o ti dàgbà o." Wọ́n kọ́kọ́ ní mo ti dòyìnbó. Wọ́n ń gbìyànjú báyìí.

Dádì ń lo oògùn wọn, wọ́n ń rìn yí ọgbà ìṣeré ká láràárọ̀, ìwọ̀n wọn sì ti dúró sójú kan. Ọmọ mi obìnrin ni akọ̀wé wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi téèpù yí wọn ká, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ ní Yorùbá, ó ṣìnà, wọ́n tún un ṣe. Ó wá bi wọ́n pé, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n ní, "Èmi ni mo fẹ́ ẹ, ọmọ mi." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún fún àwọn ọmọ lóṣù yìí: òṣùwọ̀n, ìbàdí, ọ̀rá, ìgbànú, àkọsílẹ̀. Ẹ fún wọn ní téèpù kí wọ́n wọn tábìlì, ilẹ̀kùn àti bàtà Dádì wọn, kí wọ́n sì pe iye rẹ̀ ní Yorùbá. Ó dìgbà o.